HMO Kì Í Ṣe Owó Àjọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aládàáni kan n'Ìbàdàn. Wọ́n fún mi ní káàdì HMO, ìyẹn ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera, n kò lò ó rí, torí ara mi le. Mo fẹ́ fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Báwo ni mo ṣe máa gba owó tó ti jọ síbẹ̀? Ẹnì kan ní òun á bá mi yọ ọ́, kí n fún òun ní ìdámẹ́wàá.

Ìdáhùn: Kò sí owó kankan níbẹ̀. Ìdámẹ́wàá kí ni? Ẹ má fún ẹni yẹn ní kọ́bọ̀, ẹ má sì jẹ́ kó rí nọ́ńbà káàdì yín.

Mo ti dáhùn ìbéèrè yìí títí ó ti sú mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè kọ́ ni mò ń bínú sí, àwọn tó ń fi í jẹun ni.

Ẹni tó dá àjọ mọ̀ pé òun máa kó o. HMO ò rí bẹ́ẹ̀. Ọlọ́dẹ àdúgbò ni kí ẹ fi wé. Oṣooṣù là ń dáwó fún un. Bí olè ò bá wá, ṣé a máa ní kó dá owó wa padà ni? Owó tí ọ̀gá yín san lọ́dún kan, ọdún yẹn nìkan ló wà fún. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń tọ́jú ẹni tí àìsàn bá ṣe. Kódà, nínú àwọn ètò kan, èyí tí àwa ará ìdí iṣẹ́ ń pè ní capitation, ilé ìwòsàn tí ẹ yàn ń gba iye kan lórí yín lóṣooṣù, ẹ yọjú o, ẹ ò yọjú o.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń "yọ" owó? Wọ́n á bá ilé ìwòsàn kan dìmọ̀, wọ́n á kọ àìsàn tí kò ṣe yín rí sílẹ̀, wọ́n á pín owó rẹ̀. Jìbìtì ni, orúkọ yín ló sì wà lórí ìwé.

Ó ṣì ku oṣù kan. Ẹ lọ yẹ ara yín wò: ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ojú, eyín. "Ara mi le" kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kanlẹ̀kùn. N kò rí ìwé ètò tiyín o, ẹ bi HR, ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, léèrè ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó lọ. Bí ilé ìwòsàn yín bá ní kí ẹ lọ rí dókítà níbòmíì, kí wọ́n kọ́kọ́ gba kóòdù àṣẹ fún yín lọ́dọ̀ HMO, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì.

Owó tó ń jọ lóòótọ́ ni owó ìfẹ̀yìntì, ẹ ò sì bi mí nípa rẹ̀. Òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n yọ ó kéré tán ìdá 8 nínú 100 nínú owó oṣù yín, kí ọ̀gá yín fi ìdá 10 kún un. Tiyín ni, ibi yòówù tí ẹ bá lọ. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 50, tó fiṣẹ́ sílẹ̀, tí kò rí òmíràn lẹ́yìn oṣù 4, lè béèrè fún ìdá 25 nínú 100 rẹ̀. Ẹ gba àkọsílẹ̀ yín lọ́wọ́ PFA, ilé-iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú owó náà, lọ́sẹ̀ yìí. Bí wọ́n bá ń yọ owó tí kò sì dé ibẹ̀, ẹ kọ̀wé sí HR, kí ẹ sì kọ sí PenCom, àjọ ìjọba tó ń mójú tó owó ìfẹ̀yìntì, kí ẹ tó dá káàdì ìdánimọ̀ wọn padà.