Ẹ má tíì ra RAM: snapshot kì í ṣe backup

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, sà. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà ilé-ìwé kan n'Íbàdàn. Proxmox VE ni mo fi sórí sáfà kan ṣoṣo tí a ní, VM mẹ́ta ló wà lórí rẹ̀. Alaalẹ́ ni mò ń ṣe snapshot kí n lè ní backup. Wọ́n ti lé ní 30 báyìí. Ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ti ń falẹ̀. RAM mélòó ni kí n rà kún un?

Ìdáhùn: Ẹ fi owó RAM sápò ná. Ohun tó bà mí lẹ́rù nínú ọ̀rọ̀ yín ni pé ẹ ní ẹ ní backup. Ẹ kò ní in. Inú ń bí mi, kì í ṣe sí yín o, sí àwọn tó ń gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ oníbàárà tí wọ́n sì ń sọ fún un pé snapshot ti tó.

Proxmox jẹ́ hypervisor: orí irin sáfà gan-an ló jókòó sí, kò sí Windows kankan lábẹ́ rẹ̀, òun ló ń pín sáfà kan di kọ̀ǹpútà púpọ̀, àwọn tí a ń pè ní VM. Inú local-lvm, ibi ìpamọ́ kan lórí díìsìkì sáfà náà, ni díìsìkì àwọn VM sábà máa ń wà. Bí ẹ bá ṣe snapshot, ẹ kàn sàmì sí bí VM ṣe rí lásìkò yẹn ni, kò kó nǹkan kan lọ síbòmíràn. Ẹ wo ìwé gbèsè ìyá ọlọ́jà: ó fàlà sí ibi tó kọ̀wé dé, ó ní kí ẹnikẹ́ni má pa ohun tó wà lókè ìlà náà rẹ́, àtúnṣe tó bá dé, ewé tuntun ni yóò lọ. Tàtijọ́ tàtuntun, inú ìwé kan náà ni. Bí ìwé bá bọ́ sódò, ìlà yẹn náà bá a lọ.

Ó ṣeé ṣe kí ewé tó ń pọ̀ yìí ló ń fa ìfàlẹ̀ yín. Èyí tó burú jù ni pé bí local-lvm bá kún, VM mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò ní lè kọ nǹkan mọ́. Ẹ tẹ àṣẹ lvs lórí sáfà, kí ẹ wo Data%, ìyẹn ìdá ààyè tó ti kún. Tó bá ti kọjá 80, òní ni kí ẹ dìde sí i.

Mo dé ilé ìwòsàn kan rí. Iná lọ, ó dé, ó tún lọ, SSD, díìsìkì kan ṣoṣo tí wọ́n ní, bá kú. Ọmọkùnrin tó ń bójú tó o ṣí fóònù rẹ̀, ó fi àwòrán hàn mí: snapshot lọ bẹẹrẹ, déètì wà lára gbogbo wọn. Ó ní, “Ṣebí ẹ rí wọn, sà?” Mo rí wọn. Orí SSD tó kú yẹn ni gbogbo wọn wà. Káàdì páálí ni wọ́n padà fi tún orúkọ àwọn aláìsàn tẹ̀.

Ẹ lọ sí Datacenter, Backup, Add. Ẹ ó rí Mode tí wọ́n pè ní Snapshot níbẹ̀. Orúkọ yìí ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Ìyẹn kì í ṣe snapshot alaalẹ́ yín: ó ń kó gbogbo VM sínú fáìlì tó lè dá dúró. Ẹ̀rọ mìíràn ni kí fáìlì náà máa lọ, kì í ṣe sáfà yẹn. Proxmox Backup Server, ètò tó ń gba backup pa mọ́, wà fún un láti 2020, ọ̀fẹ́ ni. Kí ẹ̀dà kan tún wà níta ọgbà ilé-ìwé. Ẹ fi QEMU guest agent, ètò kékeré tí Proxmox fi ń bá inú VM sọ̀rọ̀ nígbà backup, sínú VM kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá dán an wò. Inú ibi ìpamọ́ backup ni kí ẹ ti ṣe Restore, ìyẹn dídá VM padà láti inú backup, kí ẹ fún un ní VM ID (nọ́ńbà VM) tuntun, nítorí tí ẹ bá ṣe é láti ojú VM fúnra rẹ̀, yóò bo èyí tó ń ṣiṣẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ẹ tó tan án, ẹ fi àmì sí Disconnect lórí Network Device rẹ̀, kí VM méjì má baà lo IP (àdírẹ́sì orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kan náà kí wọ́n sì kọlu ara wọn. Ẹ ṣí èsì ìdánwò ọmọ kan níbẹ̀, kí ẹ rí i pé ó pé.

N kò rí sáfà yín, nítorí náà ẹ má pa snapshot kankan rẹ́ kí ìdánwò yìí tó yọrí. Bó bá ti yọrí, ẹ máa pa wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lálẹ́, nígbà tí kò sẹ́ni lórí ẹ̀rọ. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ ṣe snapshot kí ẹ tó ṣe update, kí ẹ sì yọ ọ́ láàárín ọjọ́ méjì. Tó bá ṣì ń falẹ̀ lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀wé sí mi, a ó wá sọ ti RAM.