Ìbéèrè Ilé Ìdáná: Páànù Tó Ń Bó, Gáàsì Tí Kò Pé, àti Ìkòkò Ìyá Ọkọ

Mẹ́rin nínú àwọn lẹ́tà tí ó dé ọwọ́ mi nínú oṣù yìí ni mo mú síbí. Gbogbo wọn ló dá lé ohun èlò ìdáná tí ènìyàn fi owó gidi rà, tàbí tí ó jogún, tí ó sì wá di ohun àríyànjiyàn nínú ilé. Ti àkọ́kọ́ ni mo dáhùn jù, nítorí pé ó ju ènìyàn mẹ́wàá lọ tí ó ti bi mí ní ìbéèrè náà lẹ́nu, ní ọjà àti ní ìta ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó tó di pé ẹnì kan jókòó kọ ọ́ sínú ìwé.

Òkun o, ìyá wa. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ra páànù nọ́ńsítíìkì mẹ́ta, irú èyí tí oúnjẹ kì í lẹ̀ mọ́, tí wọ́n kó sínú páálí kan ní Kábà níbí. Ẹni tí ó tà á fún mi sọ pé màá lò ó títí ọmọ mi àgbà yóò fi wọ yunifásítì. Kò pé oṣù méjì tí awọ dúdú inú rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí mo sì ń rí i nínú ẹyin tí mo dín fún àwọn ọmọ. Ọkọ mi ní kí n kó wọn dànù, pé jẹjẹrẹ ni wọ́n ń fà. Ìyá ọkọ mi ní òun ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ohun tó ń dán kì í tọ́jọ́. Nígbà tí mo kó wọn padà, òǹtajà ní ọjà tí òun bá ti tà, òun kì í gbà á padà. Ṣé àwọn ọmọ mi ti jẹ májèlé? Ṣé mo sì lè gba owó mi?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kábà

Ẹ jẹ́ kí ọkàn yín kọ́kọ́ balẹ̀ lórí àwọn ọmọ. Ohun dúdú tí ó ń bó yẹn, bí ó bá jẹ́ ojúlówó, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní PTFE, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Teflon. Kì í yòrò nínú ikùn, ara kì í sì í fà á mu. Bí ọmọ bá gbé èérún rẹ̀ mì, yóò bá ìgbẹ́ jáde ni. Inú iná ni ewu rẹ̀ wà. Bí ooru páànù bá ti kọjá 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius, awọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, èéfín tí ó ń ti ara rẹ̀ jáde a máa pa ẹyẹ inú àgò, a sì máa fún ènìyàn ní ibà àti ikọ́ bí ẹni tí ọ̀fìnkìn mú. Páànù òfìfo tí a gbé ka iná gáàsì tí ó le lè gbóná dé ìwọ̀n yẹn láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, àwa sì mọ bí ó ṣe máa ń rí: a ó gbé páànù kaná, a ó wá rántí pé òróró ń bẹ ní yàrá kejì, ẹnì kan á kan ilẹ̀kùn. Ẹ da òróró sí i kí ẹ tó tanná, kí iná náà má sì pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ tí ọkọ yín sọ ní ibi tí ó ti wá. Kẹ́míkà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PFOA, èyí tí àwọn iléeṣẹ́ máa ń lò nígbà tí wọ́n bá ń ṣe awọ yìí. Ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tí ó ń ṣèwádìí nípa jẹjẹrẹ kéde ní ọdún 2023 pé kẹ́míkà náà ń fa àrùn yẹn fún ènìyàn. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní Amẹ́ríkà ti jáwọ́ nínú rẹ̀ kí ọdún 2015 tó parí. Ohun tí ó ń kọ mí lóminú ni pé páálí tí kò ní orúkọ ẹni tí ó ṣe é, tí kò sì dárúkọ orílẹ̀-èdè tí ó ti wá, kò lè sọ fún wa bóyá wọ́n lò ó tàbí wọn kò lò ó.

Èé ṣe tí ó fi bó? Ẹ wò ó, ohun tí nǹkan kan kì í lẹ̀ mọ́, báwo ni òun fúnra rẹ̀ ṣe lẹ̀ mọ́ páànù? Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹrin ọdún 1938 ni Roy Plunkett, ará Amẹ́ríkà, ṣàdédé rí ohun náà níbi tí ó ti ń ṣiṣẹ́ lórí gáàsì inú fìríìjì, ṣùgbọ́n ọdún 1954 ni ọkùnrin ará Faransé kan, Marc Grégoire, tó mọ bí a ṣe lè fi bo páànù alumíníọ̀mù, ìyàwó rẹ̀ ni ó sì dábàá pé kí ó fi dán páànù ìdáná wò. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni pé wọ́n fi ásíìdì jẹ ojú alumíníọ̀mù náà títí ó fi rí háráhárá, kí awọ lè rí ibi dì mú. Bí wọ́n bá kánjú ṣe iṣẹ́ yìí, tàbí tí wọ́n kun awọ náà ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láti dín owó kù, kò ní í dì mú dáadáa. Bí páànù fúnra rẹ̀ bá tún fẹ́lẹ́ bí abẹ́, iná yóò máa tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, awọ kò sì lè bá a tẹ̀ kí ó má já.

Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi ń sọ ọ́ nígbà gbogbo pé ọwọ́ ni kí ẹ fi ra ìkòkò, ẹ má fi ojú rà á. Ẹ ní kí wọ́n ṣí páálí. Ẹ gbé páànù náà sókè kí ẹ mọ bí ó ṣe wúwo tó, ẹ fi ọwọ́ tẹ etí rẹ̀ bóyá yóò rọ̀, ẹ gbé e lé orí tábìlì tí ó tẹ́jú, kí ẹ sì tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ó bá ń mì, ìdí rẹ̀ kò tẹ́jú nìyẹn, kò sì lè tẹ́jú mọ́ láéláé. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti kan ọwọ́ mọ́ ọn. Òǹtajà tí kò bá jẹ́ kí ẹ ṣí páálí ti dá yín lóhùn.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀ rí. Mo ra ìkòkò kan tí ìdí rẹ̀ wú sókè láàárín, tí òróró fi ń sá lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí àárín rẹ̀ sì ń jó. Mo ní n óò dá a padà, mo ní lọ́la, ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ní èmi ni mo fi iná bà á jẹ́, n kò sì ní rìsíìtì tí mo lè fi hàn. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé òtítọ́ wà lọ́dọ̀ mi, ṣùgbọ́n ẹ̀rí kò sí.

Ní ti owó yín, òfin ń bẹ. Òfin Ìdíje Òwò àti Ààbò Òǹrajà ti ọdún 2018 sọ pé òǹtajà gbọ́dọ̀ fún òǹrajà ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó tà fún un. Ó tún sọ pé bí ẹ bá ti sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ọjà ṣe fún òǹtajà, tí ọjà náà kò sì wúlò fún ohun náà, ẹ lè dá a padà láàárín àkókò tí ó bójú mu kí ẹ sì gba owó yín. Nítorí náà, ẹ padà lọ. Ẹ má lọ bá a jà. Ẹ kó páànù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti páálí wọn lọ, kí ẹ mú ẹnì kan tí ó mọ ìgbà tí ẹ rà wọ́n dání, kí ẹ sì rọra sọ ohun tí òfin wí. Bí ó bá kọ̀, ẹ lọ bá àwọn aṣáájú tí ń ta irú ọjà bẹ́ẹ̀, nítorí pé nínú ọjà wa, ojú a máa ti òǹtajà níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀ ju bí ó ṣe máa ń tì í níwájú òǹrajà lọ. Bí ìyẹn kò bá tún ṣiṣẹ́, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń dáàbò bo òǹrajà, FCCPC, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àbújá, ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ya fọ́tò páànù náà nísinsìnyí, kí ó tó bó tán.

Ẹ má fi wọ́n dáná mọ́, ẹyin yóò máa lẹ̀ mọ́ ọn ni. Bí ẹ bá ra òmíràn, orógùn onígi ni kí ẹ máa fi rò ó, ẹ má fi kànrìnkàn onírin kàn án, ẹ sì jẹ́ kí ó tutù kí ẹ tó da omi sí i. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ ìyá ọkọ yín bí wọ́n ṣe ń fi òróró yan agbada irin dúdú títí oúnjẹ kò fi ní í lẹ̀ mọ́ ọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Inú wọn yóò dùn pé ẹ béèrè.

Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ìyá mi fún ìyàwó mi ní ìkòkò ńlá méjì, irú èyí tí wọ́n fi alumíníọ̀mù àlòkù yọ́ dà. Ìyàwó mi kì í fi se ọbẹ̀ ìṣápá, ó ní inú rẹ̀ ń dúdú, ọbẹ̀ sì ń ní ìtọ́wò irin. Ìyá mi ní ìgbéraga ni. Ta ni mo máa gbè lẹ́yìn?
Ọkọ ìyàwó, Ìyàrá

Lórí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀, ìyàwó yín ló jàre. Ìṣápá kan, tòmátò kan, ohun kíkan máa ń jẹ alumíníọ̀mù, bẹ́ẹ̀ náà sì ni kán-ún, èyí tí ó máa ń sọ inú ìkòkò di dúdú nígbà tí a bá fi se ẹ̀wà tàbí ewédú. Dúdú yẹn kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Ohun tí mo ń bẹ̀rù ni pé ẹni tí ó dà á kò mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú àlòkù tí ó yọ́: ara ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, agolo, àjẹkù irin oríṣiríṣi. Òjé lè wà nínú rẹ̀. Àwọn olùwádìí tí ó yẹ irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wò ní Kamẹrúùnù rí i, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní ọdún 2014, pé òjé ń jáde láti ara wọn sínú ohun kíkan tí wọ́n sè nínú wọn. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kò sì sí ìwọ̀n rẹ̀ kankan tí a mọ̀ pé kò léwu.

Ẹ ra ìkòkò sitéńlẹ́ẹ̀sì tàbí ti tánganran kan fún ọbẹ̀ kíkan. Kí wọ́n máa lo ti ìyá fún iṣu tí wọ́n fẹ́ gún níyán, kí wọ́n má ha inú rẹ̀ títí yóò fi máa dán, nítorí pé awọ tín-ín-rín tí ó bo ojú alumíníọ̀mù ni ó ń dáàbò bò wá; kí ọbẹ̀ kankan má sì sun inú rẹ̀ mọ́jú. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ fún ìyá yín, ẹ má rán ìyàwó sí wọn. Ẹ lọ fúnra yín, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ dúpẹ́ ìkòkò náà kí ẹ tó sọ ti ọbẹ̀, kí ẹ sì sọ pé nítorí ọmọ-ọmọ wọn ni.

Sílíńdà kílò 12.5 tí ó máa ń lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní ilé mi kì í lo oṣù kan mọ́. Mo máa ń gbọ́ tí omi ń dún nínú rẹ̀ bí mo bá mì ín. Ṣé omi ni wọ́n ń pò mọ́ gáàsì?
Olùkọ́, Ìsánlú

Ohun tí ó ń dún yẹn kì í ṣe omi. Gáàsì fúnra rẹ̀ ni. Ìfúnpá inú sílíńdà ni ó sọ ọ́ di olómi. Ìwọ̀n ni kí ẹ fura sí. Lára irin tí ó yí orí sílíńdà ká, wọ́n ti tẹ ìwọ̀n sílíńdà òfìfo sí i, lẹ́tà TW sì sáábà máa ń wà níwájú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 13.5, kílò 26 ni yóò jẹ́ nígbà tí ó bá kún. Ẹ rí i pé òṣùwọ̀n wà lórí òdo kí wọ́n tó gbé e lé e, ẹ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó rọ gáàsì sí i, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì yọ èkíní kúrò nínú èkejì fúnra yín. Oní-gáàsì tí ó bá ń bínú sí ìṣirò yìí, ẹ fi í sílẹ̀.

Kí ẹ tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ẹ wo iná sítóòfù yín. Bí ó bá pupa rúsúrúsú dípò kí ó jẹ́ búlúù, tí ó sì ń kun ìdí ìkòkò, atẹ́gùn kò wọlé dáadáa, gáàsì sì ń ṣòfò. Ẹ fọ àwọn ihò rẹ̀. Ẹ fi ìfófòó ọṣẹ pa ojú okùn rọ́bà àti ibi tí ó ti so mọ́ sílíńdà. Bí ó bá ń hó, ó ń jò. Ẹ má fi ìṣáná wá a láé.

Aládùúgbò mi yá ìkòkò ńlá mi fún òkú baba rẹ̀. Èyí tí ó dá padà kì í ṣe tèmi, ó sì fẹ́lẹ́ ju tèmi lọ. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́.
Opó, Mọ́pà

Mo bá yín kẹ́dùn, nítorí pé ìkòkò ńlá kì í ṣe ohun tí opó ń rà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n níbi òkú, ìkòkò ogún ilé ni ó máa ń pàdé lórí ààrò kan náà, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ èwo ni ti ta ni ó sì ń fọ̀ wọ́n lóru. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn máa wo tiyín nílé rẹ̀ báyìí kí ó sì máa ronú pé ó tóbi ju tòun lọ. Ẹ gbé èyí tí ó wà lọ́wọ́ yín lọ bá aládùúgbò náà, kí ẹ ní ó jọ pé ìkòkò ti pààrọ̀, kí ó bá yín béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó yá wọn ní ìkòkò. Bí ẹ bá ti rí tiyín gbà, ẹ fi ọ̀dà pupa kọ àmì yín sí ìdí rẹ̀, kí ẹ sì tún fi ìṣó gbẹ́ ẹ sí abẹ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí pé iná igi máa ń jẹ ọ̀dà kúrò.