Èsì: Kí ló dé tí a kì í fi mìlímítà wọn sẹ́ẹ̀lì?

Àbúrò mi, ìbéèrè gidi lo béèrè. Mìlímítà ti tóbi jù fún ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara ohun ẹlẹ́mìí. Mú rúlà rẹ, wo àlàfo tó wà láàárín ìlà kéékèèké méjì. Pín in sí ọ̀nà 1,000: ìdá kan ṣoṣo ni máíkírómítà (µm).

Bakitéríà E. coli, sẹ́ẹ̀lì kan tí kò ní núkílíọ́ọ̀sì (àpò inú sẹ́ẹ̀lì tí DNA máa ń wà), gùn tó nǹkan bíi 2 µm. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ní núkílíọ́ọ̀sì, bíi tiwa àti ti ewéko, sábà máa ń tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹyin inú obìnrin tó 100 µm. Ojú lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ lè rí i. Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pupa ẹyin adìyẹ ágíríìkì tí à ń dín: sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni!