Níbo ni mo ti lè ka òfin owó òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́ ní Texas?

Ẹ ní ẹ̀gbọ́n yín ṣubú lẹ́nu iṣẹ́ ní Houston, ẹ sì fẹ́ ka òfin náà fúnra yín lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wò wọ́n sàn.

Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní òfin tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ẹ má gbára lé ohun tí Google bá kọ́kọ́ gbé jáde. Ìpolówó àwọn lọ́yà ló pọ̀ níbẹ̀. Òfin Texas gan-an wà ní statutes.capitol.texas.gov, lábẹ́ Labor Code (ìwé òfin iṣẹ́), Title 5 (ìpín karùn-ún). Orí 409 ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣí, torí ibẹ̀ ni gbèdéke ọjọ́ wà: ẹ̀gbọ́n yín gbọ́dọ̀ fi tó agbanisíṣẹ́ wọn létí láàárín 30 ọjọ́, kí wọ́n sì fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́ sí àjọ ìjọba láàárín ọdún 1. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi 30 ọjọ́ yẹn ṣeré rárá. Fọ́ọ̀mù àti àlàyé wà ní tdi.texas.gov, ìkànnì àjọ náà.

Ohun kan tún wà tó yàtọ̀ ní Texas: òfin kò sọ ọ́ di dandan fún ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ aládàáni láti ní ìnṣọ́ránsì tó ń sanwó fún òṣìṣẹ́ tó fara pa. Ẹ tètè wádìí bóyá iléeṣẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ní in. Bí iléeṣẹ́ náà ò bá ní in, ọ̀nà ilé ẹjọ́ ló sábà máa ń kù, ó sì dára kí ẹ wá lọ́yà nìyẹn.

Bí iléeṣẹ́ náà bá ní in, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ ìjọba tó ni ìkànnì oiec.texas.gov máa ń ran ẹni tó fara pa lọ́wọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Bó bá jẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló gbà wọ́n síṣẹ́, òfin mìíràn ni; dol.gov, ìkànnì iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ni kí ẹ lọ.