Iná iwájú tó ń ṣe ségesège: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fa wáyà tààrà sí mọ́tò yín

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iná iwájú mọ́tò mi kò dúró sójú kan. Mo fi í sí AUTO, kó máa tàn, kó máa kú fúnra rẹ̀. Lálẹ́, ó ń tàn dáadáa. Ṣùgbọ́n tí mo bá jáde ní Àjàṣẹ́ láàárọ̀ ọyẹ́ tí mo ń lọ sí Kétu, kùrukùru á bo títì, iná ò ní tàn. Bí mo bá dé abẹ́ igi, á tàn, á tún kú. Nígbà míì ẹ̀wẹ̀, ọ̀sán gangan ló máa tàn. Ẹnì kan lẹ́bàá títì ní calculateur, kọ̀ǹpútà tó ń darí iná mọ́tò, ti kú, pé kí n ra òmíràn, tàbí kí òun fa wáyà tààrà láti bátìrì. Èwo ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ ò sọ irú mọ́tò tí ẹ ń wà, ẹ ò sì sọ ọdún rẹ̀, nítorí náà ohun tó kan gbogbo mọ́tò ni mo lè sọ.

Mọ́tò kì í rí kùrukùru. Ohun tó ń pàṣẹ fún iná ní AUTO ni capteur, ojú kékeré kan tó ń wò bí ìta ṣe mọ́lẹ̀ tó. Kò mọ̀ bóyá ẹ ń ríran níwájú. Kùrukùru ọyẹ́ funfun. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ díẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ojú náà ti tó, kò ní tan iná. Abẹ́ igi ṣókùnkùn, ó tàn án. Ẹ bọ́ sí gbangba, ó pa á. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe yẹn. Nínú kùrukùru àti òjò ọ̀sán, ọwọ́ yín ni kí ẹ fi tan iná. Ọ̀pọ̀ mọ́tò ló ní iná ọ̀sán kékeré níwájú tó ń tàn fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣókùnkùn. Ẹ̀yin á rò pé iná yín tàn, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò sì rí yín.

Ti ọ̀sán gangan yẹn ló yẹ ká wò. Ẹ wá ojú náà: nínú àwọn mọ́tò kan, orí tableau de bord, pátákó iwájú awakọ̀, ló wà nítòsí gíláàsì, ó dúdú, ó rí roboto, nínú òmíràn, ẹ̀yìn dígí àárín ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ gíláàsì. Àwọn ènìyàn ń tẹ́ aṣọ onírun sórí tableau de bord, etí aṣọ á bo ojú náà. Bí mọ́tò bá já sí kòtò, aṣọ á yẹ̀, iná á kú. Ó tún padà, iná tàn. Tẹ̀sùbáà, páálí, rọ́bà dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì, gbogbo wọn ló lè ṣe é.

Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò ní AUTO, ẹ fọwọ́ tan iná, kí ẹ wà á lórí títì tó ní kòtò. Bí iná bá dúró gbọn-in, gílóòbù, fusible tó ń dáàbò bo wáyà, wáyà fúnra rẹ̀ àti bátìrì kò jẹ̀bi. Ní ọ̀pọ̀ mọ́tò, calculateur kan náà ló ń gba àṣẹ ọwọ́ yín àti ti AUTO, ó ṣòro kó kú fún ọ̀kan kó yè fún èkejì. Bó bá ń ṣẹ́jú nígbà tí ẹ fọwọ́ tan án náà, ẹ lọ wo ẹsẹ̀ gílóòbù, relais (ohun tó ń so iná, tó sì ń já a), àti okùn masse (wáyà tó so iná mọ́ ara irin mọ́tò) tó ti dípẹtà. Iṣẹ́ kékeré nìyẹn.

Wáyà tààrà yìí ló ń bí mi nínú. Gílóòbù tó wọ́pọ̀ jẹ́ wáàtì 55. Lórí fóòtì 12, ọ̀kan ń fa ampere 4 sí 5, méjèèjì sún mọ́ 9. Ìdí tí fusible fi wà ni kó jóná kí wáyà tó jóná. Èyí tí wọ́n ń fà lẹ́bàá títì kì í ní fusible, ó tín-ín-rín, wọ́n á gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì tó gbóná. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ bá bó tó kan irin, bátìrì lè tú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ampere sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tí mo ti tú, téèpù dúdú ti yọ́ mọ́ irin, wáyà inú ti di dúdú, onímọ́tò kò sì gbọ́ òórùn kankan. Nínú mọ́tò tuntun, calculateur ń wọn iná tó ń lọ sí gílóòbù kọ̀ọ̀kan. Bí iná àjèjì bá gba ẹ̀yìn wọlé sí i, ó lè pa á lóòótọ́. Tokunbọ̀ calculateur náà kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń kì bọ inú mọ́tò: ọ̀pọ̀ mọ́tò Yúróòpù ni kò ní ṣáná bí wọn kò bá fi kọ̀ǹpútà mú un mọ mọ́tò.

Bí ẹ bá fẹ́ dán capteur wò, ẹ gbé mọ́tò sí oòrùn, ẹ ṣí kọ́ńtáàtì, ẹ fi sí AUTO, ẹ fi aṣọ dúdú tó nípọn bo ojú náà, kí ẹ ní sùúrù díẹ̀. Bí iná bá tàn, tó sì kú lẹ́yìn tí ẹ ṣí i, capteur yè. Bí kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ gbé e lọ fún oníná tó ní mítà lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ xénon ni iná yín, ẹ má tú u fúnra yín rárá: nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ tàn, fóòtì tó ń gba ibẹ̀ lè lé ní 20,000.

Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ máa fọwọ́ tan án, kí ẹ sì rántí pa á bí ẹ bá gúnlẹ̀, kí bátìrì má baà kú. Ẹ fi irú mọ́tò àti ọdún rẹ̀ ránṣẹ́, mà á sọ ibi tí capteur tiyín wà.