Ẹ Bi Wá: Ṣé kí n gé fújì mi nítorí Spotify?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Fújì ni mò ń kọ, mi ò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ kankan. Àwo mi tuntun ní ojú méjì, ojú kọ̀ọ̀kan gba ìṣẹ́jú 28. Wọ́n ní Spotify, níbi táwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kì í wo gígùn orin kó tó sanwó. Ṣé kí n gé e ni? – Olórin fújì, Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni wọ́n sọ fún yín. Tí èèyàn bá ti gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú àáyá 30, wọ́n ti kà á sí ẹẹ̀kan nìyẹn. Ẹni tó gbọ́ fújì yín fún ìṣẹ́jú 28 àti ẹni tó gbọ́ orin ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀, ẹẹ̀kan náà ni. Inú àpò kan ni wọ́n sì ti ń pín owó, gẹ́gẹ́ bí iye ìgbà tí wọ́n gbọ́ oníkálukú. Èèyàn lè má gbọ́ nǹkan míì ju àpàlà lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dópin, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ àwọn tí òkìkí wọn kàn jù ni owó rẹ̀ ń gbà lọ. Ìyà ni èyí ń fi jẹ fújì, àpàlà àti sákárà, a ò sì gbà pé ó tọ́.

Nítorí náà, ẹ gé e, àmọ́ ẹ má gé e wẹ́wẹ́. Láti 2024, orin tí wọn ò bá gbọ́ tó ìgbà 1,000 láàárín oṣù 12 kì í pa owó fún olórin lórí Spotify, orin kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì ń wò, kì í ṣe àròpọ̀ àwo. Tí ẹ bá gé ojú kan sí mẹ́wàá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 300, ó di 3,000 lóòótọ́, kọ́bọ̀ ò sì ní wọlé. Mẹ́rin, ní ìṣẹ́jú méje méje, ti tó.

Ibi tí ìlù bá ti yí ni kí ẹ ti gé e, tàbí ibi tí ẹ ti ki ẹnì kan tán kí ẹ tó bọ́ sórí ẹlòmíì. Ẹ má gé e mọ́ ẹlẹ́gbè lẹ́nu. Kí ẹni tó ń bá yín to ohùn ní sítúdíò má fi àlàfo sí ìparí, kó sì gbé e jáde ní WAV, ìyẹn fáìlì ohùn tí wọn ò fún pọ̀. MP3, ìyẹn fáìlì tí wọ́n ti fún pọ̀ kó lè kéré, máa ń ki ìdákẹ́jẹ́ díẹ̀ bọ ìbẹ̀rẹ̀ orin, ìlù á wá kọsẹ̀ níbẹ̀. Kí orúkọ yín rí bákan náà lórí gbogbo rẹ̀, títí kan àmì ohùn, kí orin yín má baà bọ́ sójú ewé ẹlòmíì. Ó kéré tán, ọjọ́ méje kí àwo tó jáde, ẹ fi ọ̀kan nínú wọn ránṣẹ́ sí àwọn olóòtú Spotify láti inú Spotify for Artists, ìyẹn apá tí Spotify yà sọ́tọ̀ fún àwọn olórin.

ÌBÉÈRÈ: Ẹnì kan ní kí n sanwó, òun á jẹ́ kí wọ́n gbọ́ orin mi nígbà 10,000. Ṣé ó dáa?

ÌDÁHÙN: Ẹ má dán an wò. Ẹ̀rọ ló ń gbọ́ ọ, kì í ṣe èèyàn. Tó bá hàn sí Spotify, wọ́n á yọ iye yẹn kúrò, wọ́n á sì bu owó ìtanràn lé iléeṣẹ́ tó bá yín gbé orin síbẹ̀. Iléeṣẹ́ náà lè yọ ọ́ nínú owó yín, tàbí kó sọ gbogbo orin yín kalẹ̀.