Ta ni kí n fi ṣe ẹnìkejì ehoro mi?

Ìyá Tómi kọ̀wé láti Òkè-Àró, ní Àkúrẹ́: "Ehoro méjì la ní, abo sì ni àwọn méjèèjì. Ooru oṣù kẹta pa ọ̀kan. Látìgbà náà, èyí tó kù kì í ṣeré mọ́. Irin kéèjì ló ń jẹ ṣáá, ó sì ń tu irun àyà ara rẹ̀. Bàbá kan ní Ọ̀bà-Ilé fẹ́ pa oko ehoro rẹ̀ tì. Abo kan àti akọ méjì ló kù, àwọn oní-pẹ́pẹ̀-súùpù ló sì fẹ́ tà wọ́n fún. Mo fẹ́ gba ọ̀kan sílẹ̀. Ọkọ mi ní wọn á bímọ kún ilé. Tómi ní kí n ṣáà gbé e tì í lálẹ́ ọjọ́ tó bá dé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn."

Ìyá Tómi, ẹ kú àdánù o. Ẹ gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbé e ti èyí tó wà nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bó ti wù kí Tómi sunkún tó.

Ẹ kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ irun títu yẹn dáadáa. Bó bá ń fi ẹnu ru koríko lọ sí kọ̀rọ̀, tó ń fi irun àyà tẹ́ ẹ, oyún èké nìyẹn. Abo ehoro lè ní in láìfojú kan akọ. Ó máa ń tó ọjọ́ 16 sí 18 kó tó kúrò fúnra rẹ̀. Lásìkò yẹn, kò ní fẹ́ rí àlejò kankan nítòsí ìtẹ́ rẹ̀. Irin jíjẹ ní tirẹ̀ jọ àárò, tàbí àyè tó há.

Nínú mẹ́ta yẹn, akọ kan ni kí ẹ mú, kí dókítà ẹranko sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Abo méjì tó ti dàgbà kí wọ́n tó pàdé sábà máa ń jà du àyè. Ẹ̀rù tó ń ba Bàbá Tómi kì í ṣe ẹ̀rù lásán: oyún ehoro kò ju nǹkan bí ọjọ́ 31 lọ, abo sì lè tún lóyún lọ́jọ́ tó bímọ gan-an. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé àtọ̀ ṣì máa ń kù lára akọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ó ṣì lè fún abo lóyún títí di ọ̀sẹ̀ 6. Ẹ kà á lórí kàlẹ́ńdà. Ẹ bi dókítà bóyá ó ti ṣe ti ehoro rí. Ẹ má sì febi pa akọ náà kí ó tó lọ fún iṣẹ́ abẹ, torí ehoro kì í bì, ìfun rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dáṣẹ́ dúró. Bí ọwọ́ dókítà náà bá dáńgájíá, ó dára kó yọ ilé ọmọ ti abo yín náà: jẹjẹrẹ ilé ọmọ wọ́pọ̀ lára abo ehoro tó ti ń dàgbà.

Lóko bàbá yẹn, ẹ má gba "akọ ni" gbọ́ láìwò. Ẹ rọra fi ìka tẹ ojú ara rẹ̀: ti akọ máa ń yọ roboto bí ọ̀pá kékeré, ti abo á là gbọọrọ. Ẹ wo inú etí, bóyá èépá tó jọ èérún àkàrà wà níbẹ̀. Èkúrú etí nìyẹn, dókítà lè wò ó. Ẹ wo inú ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ehoro tó ní ọ̀fìnkìn fi ń nu imú, irun ibẹ̀ á sì lẹ̀ pọ̀ gbagidi. Ẹ béèrè bóyá ehoro kankan kú lójijì níbẹ̀ láìpẹ́, tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ nímú rẹ̀. Àrùn ẹ̀jẹ̀ yíya ehoro tí wọ́n ń pè ní RHD, tó jà ní Nàìjíríà ní 2020, máa ń pa wọ́n bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń bá bàtà àti kéèjì wọlé. Bí ó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mú ọ̀kankan, bó ti wù kí àánú wọn ṣe yín tó.

Ẹ fi àlejò sí yàrá ọ̀tọ̀ fún ọjọ́ 14 ó kéré tán. Tiyín ni kí ẹ kọ́kọ́ fún lóúnjẹ, lẹ́yìn náà tirẹ̀, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọwọ́.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 6 bá pé lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ẹ gbé kéèjì méjèèjì súnmọ́ra, ṣùgbọ́n kí àlàfo ìbú ọwọ́ kan wà láàárín wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á bu ara wọn nímú jẹ. Ẹ máa pààrọ̀ koríko tí wọ́n ń sùn lé. Bí wọ́n bá ti ń fara balẹ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ẹ mú wọn lọ síbi tí ìkankan wọn kò dé rí. Balùwẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́ ẹní, torí ehoro tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ máa ń bẹ̀rù, ẹ̀rù yẹn ló ń di ìjà. Ìṣẹ́jú 10 sí 15 ní kùtùkùtù tó. Ẹ da yúnyun àti ewé ọ̀dùnkún sí ibi méjì. Bí ọ̀kan bá gun èkejì fún ìgbà díẹ̀, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Bó bá gùn ún láti apá orí, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ kíá, kí èkejì má bàa gé e jẹ lójú ara. Bí wọ́n bá na ìrù sókè tí wọ́n ń yí ara wọn po, ìgbálẹ̀ ni kí ẹ fi sáàárín. Ẹ má ti ọwọ́ lásán bọ̀ ọ́. Ẹ máa parí ìpàdé wọn nígbà tí àlàáfíà ṣì wà, kí ẹ sì máa fi àkókò kún un lójoojúmọ́.

Bí wọ́n bá ń lá ara wọn lójú, ẹ ṣọ́ wọn fún wákàtí 48 kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n máa dá wà papọ̀, nínú àyè tí ẹ ti fọ̀ mọ́. Àyè tó gùn ní mítà 3, tó sì fẹ̀ ní mítà 2, ló yẹ ehoro méjì. Èyí tí kò bá jẹun fún wákàtí 12, ọ̀dọ̀ dókítà ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá ń lọ sí Ọ̀bà-Ilé, ẹ gbé páálí tí ẹ ti lu ihò sí dání, kí ẹ sì bu lára oúnjẹ tí bàbá yẹn ń fún un, èyí tó lè tó ọjọ́ 7, kí ẹ máa fi tiyín lú u díẹ̀díẹ̀. Àyípadà òjijì ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ lọ kí oòrùn tó mú.